Àga Tòkunbọ̀, Tábìlì Gíga: Bí Mo Ṣe Tún Ìjókòó Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe

Ohun tí wọ́n pè mí sí

Àga ọ́fíìsì tòkunbọ̀ ni: ẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì dúdú, ìjókòó fóòmù, apá méjì, ẹsẹ̀ tó pín sí márùn-ún lórí táyà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ín. Akáúńtáǹtì ni wọ́n, ilé wọn n'Íbàdàn ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ìwé owó àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń tò sórí láptọ́ọ̀pù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àga náà ni pé ó ń rì. Wọ́n á gbé e sókè láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán á ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èjìká ọ̀tún ń ro wọ́n, ọrùn ń fà wọ́n, ẹsẹ̀ wọn sì ń wú lálẹ́. Dókítà ti yẹ̀ wọ́n wò, ó ní òun kò rí àrùn kankan níbẹ̀, kí wọ́n lọ wá nǹkan ṣe sí bí wọ́n ṣe ń jókòó.

"Ṣé kí n kúkú ra àga tuntun ni?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀ ná. Nínú àwọn àga ọ́fíìsì tí wọ́n ti gbé wá bá mi pé ó ń dun àwọn lẹ́yìn, díẹ̀ ni èyí tó jẹ́ pé àga gan-an ló jẹ̀bi. Tábìlì ló sábà máa ń dá ẹ̀ṣẹ̀ náà, àga ló máa ń gba ìdájọ́. Ẹni tó bá pààrọ̀ àga tó fi tábìlì sílẹ̀ bó ṣe wà, ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Téèpù ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́

Kí n tó fọwọ́ kan sípánà, téèpù ìwọ̀n ni mo mú jáde. Mo gbé àpótí pákó líle kan síwájú wọn, mo ní, "Ẹ jókòó sórí eléyìí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wọ sílípáàsì tí ẹ máa ń wọ̀ tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé aṣọ lo fẹ́ rán fún mi ni?"

Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Láti ilẹ̀ dé kòtò ẹ̀yìn orúnkún wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Láti orí ìjókòó dé abẹ́ ìgúnpá, nígbà tí wọ́n ju èjìká sílẹ̀ tí wọ́n ká apá síwájú, jẹ́ 23. Láti ìdí tó kan ògiri dé ẹ̀yìn orúnkún jẹ́ 45. Itan wọn ga tó 14 lórí ìjókòó. Láti orí ìjókòó dé ojú wọn jẹ́ 71. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri gáréèjì, nítorí bébà kì í pẹ́ sọnù níbi tí mo bá ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wọn tábìlì. Láti ilẹ̀ dé orí rẹ̀ jẹ́ 76.

40 àti 23 jẹ́ 63. Ìyẹn ni pé tí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi bá kan ilẹ̀ dáadáa, tí èjìká wọn sì wà nílẹ̀ jẹ́jẹ́, ibi tí ọwọ́ wọn á fẹ́ ti tẹ kíbọ́ọ̀dù kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 63 sí ilẹ̀ lọ. Tábìlì fi 13 ga ju ibẹ̀ lọ, láptọ́ọ̀pù tún nípọn lé e lórí. Kò sí àga tó lè dá nìkan pa irú àlàfo bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń jìyà rẹ̀ yé mi nígbà tí mo ní kí wọ́n jókòó síbi iṣẹ́ wọn gan-an. Láàárọ̀, nígbà tí àga ṣì wà lókè, ìgúnpá wọn bá tábìlì dọ́gba, ọwọ́ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń fì nínú afẹ́fẹ́, etí ìjókòó ń gún wọn lábẹ́ itan, ẹ̀jẹ̀ kò sì lè lọ kó bọ̀ bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wíwú ti ń wá. Bí àga bá ṣe ń rì lọ, ẹsẹ̀ á kan ilẹ̀, ó kù sí ọwọ́: wọ́n á gbé èjìká méjèèjì sókè bí ẹni tí òjò ń pa, kí ọwọ́ lè dé orí kíbọ́ọ̀dù. Láàárọ̀ ẹsẹ̀ ló ń jìyà, lọ́sàn-án èjìká á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àga tó ń rì yìí ń pín ìrora káàkiri ara wọn ni.

Tábìlì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 73 sí 76 ló wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì káàkiri ayé, òun náà ni ọ̀pọ̀ káfíńtà wa ń ṣe. Ó bá ọkùnrin gíga mu. Obìnrin tí kò ga ju ẹ̀gbọ́n mi lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀, kò sí nínú ìṣirò wọn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n gé ẹsẹ̀ tábìlì. Bùrọ̀dá, ìyẹn ọkọ wọn, gbọ́ láti pálọ̀.

"Má gé tábìlì mi o. Igi ìrókò ni."

Ó tán. A ò gé tábìlì mọ́.

Hydraulic

Rírì ni mo kọ́kọ́ wò, nítorí èèyàn kò lè wọn ohun tí kò dúró sójú kan. Ohun tí wọ́n ń pè ní hydraulic lọ́jà jẹ́ sílíńdà irin tí wọ́n fún gáàsì náítírójìn mọ́ inú rẹ̀. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ ìgbéga abẹ́ àga ló máa ń tẹ̀ ẹ́, fáàfù á ṣí, gáàsì á gba ibì kan lọ sí ibòmíràn, ọ̀pá dídán inú rẹ̀ á sì gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Tí a bá fi ọwọ́ sílẹ̀, fáàfù á pa dé, àga á dúró. Nígbà tí rọ́bà ìdènà inú rẹ̀ bá ti gbó, gáàsì á máa rá pálá kọjá, àga á sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹni tó jókòó.

Àwọn kan máa ń gé páìpù omi oníke, wọ́n á là á, wọ́n á fi bo ọ̀pá dídán náà kí àga má lè rì mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àga náà kò ní lè gòkè sọ̀ kalẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi, tó wà ní yunifásítì, ló máa ń gba àga yìí lọ́wọ́ wọn lálẹ́, ó sì ga ju ìyá rẹ̀ lọ gidigidi. Páìpù kò lè bá wa lò ó. Mo pinnu láti pààrọ̀ sílíńdà.

Kò sí bóòtì kankan tó dè é. Òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ kó lè há sínú ihò, ìwúwo ẹni tó ń jókòó lé e sì ń mú un há sí i lójoojúmọ́. Mo dojú àga dé lórí ẹní àtijọ́, mo fọ́n WD-40, epo tó ń tú irin tó há, sí ojú ibi tí sílíńdà ti wọnú ẹsẹ̀, mo lọ jẹun. Nígbà tí mo padà dé, mo fi òòlù lu etí ìdí sílíńdà láti ìsàlẹ̀, yíká-yíká. Etí ni èèyàn ń lù, kì í ṣe àárín, nítorí àárín ni kílíìpù kékeré tó di gbogbo rẹ̀ mú wà. Ìlù náà dún gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn títí tó fi dún yàtọ̀, tí ẹsẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀. Ti òkè le jù. Sípánà páìpù tí àwọn púlọ́mbà ń lò ni mo fi gbá ara sílíńdà mú, mo yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ké, ó sì jáde. Ọrùn ọ̀pá rẹ̀ ti kún fún gírísì dúdú tó ti dà pọ̀ mọ́ eruku: ibẹ̀ ni rọ́bà ti jẹ.

Mo mú òkú rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò àga. Èyí tó pọ̀ jù lọ lọ́jà nípọn ní mílímítà 50 nísàlẹ̀, orí rẹ̀ sì jẹ́ 28, torí náà ó máa ń bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ àga mu láìka ilé iṣẹ́ tó ṣe é sí. Gígùn ni kí èèyàn ṣọ́ra fún. Òǹtajà fẹ́ gbé èyí tó gùn fún mi pé ó lágbára jù, mo kọ̀ ọ́. Sílíńdà tó gùn kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ gan-an ni a nílò.

Wíwọlé rẹ̀ rọrùn. Mo fi àkísà gbígbẹ nu ihò méjèèjì títí irin fi mọ́. Má fi gírísì sí i, torí gírígírí tí irin fi ń di irin mú ni gbogbo iṣẹ́ níbẹ̀. Mo gbé àga lé e, mo jókòó lé e lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú gbogbo ìwúwo mi, ó há. Ní ti sílíńdà àtijọ́, má gbẹ́ ẹ, má là á, má sì fi í sínú iná. Gáàsì inú rẹ̀ ṣì ní agbára bó tilẹ̀ ń rì. Tí àwọn tó ń ra irin àlòkù bá máa gbé e, sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn.

Táyà

Èyí yára. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé àga náà "kì í dúró jẹ́ẹ́", pé àwọn gbọ́dọ̀ máa fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kí ó má baà sá lọ. Ọ̀pọ̀ àga tòkunbọ̀ jẹ́ ti ọ́fíìsì tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí lókè òkun, ike líle ni wọ́n sì fi ṣe táyà irú wọn kó lè yí lórí kápẹ́ẹ̀tì. Lórí táìsì wa, ńṣe ló ń yọ̀. Ẹni tó bá ń fi iṣan itan dá àga dúró láti àárọ̀ dalẹ́, ó di dandan kó rẹ̀ ẹ́.

Mo fi irin pẹlẹbẹ yọ márààrún. Fífà ni, wọn kò ní síkúrù. Irun wíìgì àti òwú ti wé mọ́ ọ̀kan nínú wọn débi pé kò yí mọ́ rárá. Ìdí wọn jẹ́ mílímítà 11, èyí tó wọ́pọ̀, mo sì ra àwọn tí a fi rọ́bà rírọ̀ bò lójú. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: táyà líle ti kápẹ́ẹ̀tì máa ń jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo, táyà rírọ̀ ti ilẹ̀ líle máa ń jẹ́ àwọ̀ méjì, ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí àárín. Tí ẹ bá fẹ́ ra, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò.

Gíga àti jíjìn

Pẹ̀lú sílíńdà tuntun, ibi tó kéré jù tí ìjókòó lè dé jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 43. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó, fóòmù tẹ̀, ó di 42. Ó ku 2 kí ó tó bá ẹsẹ̀ wọn mu. Mo fi àfọ́kù pákó ínṣì kan ṣe pátákó ìtẹsẹ̀, mo fi sáńpépà họ ojú rẹ̀, mo lẹ rọ́bà táyà mọ́ ìdí rẹ̀ kó má yọ̀ lórí táìsì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Jíjìn ni àwọn èèyàn kì í wò. Wọ́n ti fa ìjókòó yìí jáde dé 47, bẹ́ẹ̀ 45 ni ẹ̀gbọ́n mi ní láti ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún. Ẹni tí ìjókòó bá jìn jù fún, ọ̀nà méjì ló wà fún un: kó fẹ̀yìn tì kí etí ìjókòó máa gún un lẹ́yìn orúnkún, tàbí kó sún síwájú kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà láìní alátìlẹ́yìn. Èkejì ni wọ́n ń ṣe. Ọwọ́ kékeré kan wà lápá ọ̀tún abẹ́ ìjókòó tí wọn kò fọwọ́ kàn rí láti ìgbà tí wọ́n ti ra àga. Eruku ti dí i. Mo fọ́n epo sí i, mo fà á, mo ti ìjókòó sẹ́yìn dé 41. Mo ní kí wọ́n fi ìdí kan ẹ̀yìn àga pátápátá, mo sì ní kí àwọn fúnra wọn ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn orúnkún. Ìka méjì wọlé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ìkẹta fún un díẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

"Àṣé ó ní ẹ̀yìn," ni wọ́n wí. Wọ́n ti ra àga yẹn pẹ́, wọn kò tíì fẹ̀yìn tì í rí.

Dúrọ́ọ̀

Ibí ni iṣẹ́ gidi wà. Pẹ̀lú ìjókòó ní 42, ìgúnpá wọn wà ní 65. Tábìlì ṣì wà ní 76, a ò sì gbọdọ̀ gé e. Àmọ́ dúrọ́ọ̀ kan wà láàárín tábìlì náà, lábẹ́ pákó òkè tó nípọn ní 2.5. Dúrọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ jìn ní 10, nítorí náà ìdí rẹ̀ wà ní 63.5. Lábẹ́ rẹ̀, itan ẹ̀gbọ́n mi dópin ní 56. Àyè wà láàárín. Ìgbà tí mo kọ àwọn ìwọ̀n yìí síra wọn lórí ògiri ni mo rí i pé tábìlì kúrú wà nínú tábìlì gíga náà látọjọ́ yìí, àwọn bíírò àti kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé inú rẹ̀.

Mo yọ dúrọ́ọ̀ jáde. Orí pákó méjì ló ti ń yọ́ lọ tẹ́lẹ̀, èyí kò lè gba ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́; tí a bá fà á jáde ju ìdajì lọ, iwájú rẹ̀ á sorí kọ́. Mo ra irin dúrọ́ọ̀ oníbọ́ọ̀lù, ínṣì 14, ẹyọ méjì, mo sì dè wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Pílíwúùdù tẹ́ẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀ ni mo yọ sọnù, mo gé pílíwúùdù ìdajì ínṣì láti ọ̀dọ̀ àwọn onípákó Bódìjà rọ́pò rẹ̀. Mo fi ayùn rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì wálẹ̀ láti ibi iwájú, kí ọwọ́ tó di máòsì mú má máa kọlu pákó. Pákó iwájú dúrọ́ọ̀, tó jẹ́ ìrókò, ni mo tú, mo sì fi hínjì méjì dè é padà láti ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá fa dúrọ́ọ̀ jáde, iwájú rẹ̀ á ṣubú lélẹ̀ gbalaja. Tí ẹ bá tì í padà, ó di dúrọ́ọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bùrọ̀dá ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Kò sọ nǹkan kan, mo sì mọ̀ pé ó ti fọwọ́ sí i.

Kíbọ́ọ̀dù tí a gbé sínú rẹ̀ jẹ́ èyí tó ní nọ́ńbà lọ́tọ̀ lápá ọ̀tún. Akáúńtáǹtì kò lè ṣe kó má ní ìyẹn. Ó gùn ní 44, máòsì sì dúró tì í gbágbáágbá. Tẹ́lẹ̀, orí tábìlì ni máòsì wà, lẹ́yìn òkìtì fáìlì, débi pé ẹ̀gbọ́n mi ń na apá ọ̀tún gbọọrọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ nǹkan. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìdí tí èjìká ọ̀tún fi ń ro wọ́n tí ti òsì kò ro tó bẹ́ẹ̀ fún mi. Kíbọ́ọ̀dù náà ní ẹsẹ̀ kékeré méjì lẹ́yìn tí wọ́n máa ń gbé dìde. Mo ká a. Tí ó bá dìde, ọrùn ọwọ́ á tẹ̀ sókè, ìyẹn kò sì dára fún ẹni tó ń tẹ̀wé láti àárọ̀ dalẹ́. Ojú kíbọ́ọ̀dù wá wà ní nǹkan bíi 66.5. Ó fi díẹ̀ ga ju ìgúnpá wọn lọ, mo lè fara mọ́ ọn.

Ẹ̀yìn àti apá

Mo yọ apá àga méjèèjì kúrò. Bóòtì mẹ́ta ló de ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́kọ́rọ́ Allen, irin onígun mẹ́fà, ló tú wọn. Wọ́n ń kọlu dúrọ́ọ̀, wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ iṣẹ́ wọn, aṣọ ìró ẹ̀gbọ́n mi sì máa ń há sí i ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde. Apá àga wúlò fún ẹni tí gíga rẹ̀ bá tábìlì mu. Èyí tí kò bá mu, ó sàn kó má sí. Mo kó wọn pamọ́ sínú ọ̀rá pẹ̀lú bóòtì wọn.

Ẹ̀yìn àga ní ibi tó yọ síta díẹ̀ láti ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lẹ́yìn. Egungun ìhà wọn ló ń gún, torí ó wà lókè jù. Irú ẹ̀yìn báyìí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, á máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Tó bá dé òkè pátápátá, á tú ara rẹ̀, á já wálẹ̀ délẹ̀, ẹ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwọn tí kò mọ èyí máa ń rò pé ó ti bàjẹ́. Mo gbé e títí ibi tó yọ náà fi bọ́ sí ibi tí wọ́n ń so ìró mọ́. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ó kù díẹ̀. Mo fi kẹ́ kan kún un.

Ohun tó kù ni ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ti ti àga náà pa sí ìdúró gbọnrangandan, nítorí pé ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, kò gbà kí wọ́n tì í sẹ́yìn. Ẹni tó wúwo ló ti lò ó kẹ́yìn lókè òkun. Ó ti fún súpíríìnì rẹ̀ pọ̀. Nọ́ọ̀bù ńlá kan wà lábẹ́ ìjókòó níwájú, mo yí i tú títí ẹ̀gbọ́n mi fi lè fi ẹ̀yìn lásán tì í sẹ́yìn, tí ó sì tún ń bá wọn padà nígbà tí wọ́n bá bọ̀ síwájú. Mo ní kí wọ́n má tì í pa mọ́.

Ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ló ń fi èèyàn hàn ní ìjókòó ṣánṣán, ẹ̀yìn dúró bí ó ti yẹ kí ọmọ ogun dúró. N kò gba àwòrán náà gbọ́. Láti àwọn ọdún 1960 ni Alf Nachemson, dókítà eegun ará Swídìn, ti ń ki abẹ́rẹ́ tó ń wọn agbára bọ àwọn ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn, ó sì rí i pé ìjókòó láìfẹ̀yìntì ń tẹ̀ wọ́n ju ìdúró lọ. Ní 1999, Hans-Joachim Wilke àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Jámánì tún un wọ̀n lára ẹnì kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Wọn kò bá Nachemson dọ́gba lórí gbogbo rẹ̀, torí lọ́dọ̀ tiwọn, ìjókòó láìfẹ̀yìntì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìdúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni náà fara balẹ̀ fẹ̀yìn ti àga, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn kéré sí ti ìdúró pàápàá. Ara ẹnì kan ṣoṣo ni, èmi náà mọ̀, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí ẹ̀yìn tèmi ń sọ fún mi mu. Ẹ̀yìn tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí àga sàn ju èyí tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ní ìdúró tó "pé".

Fún ìdí kan náà, a gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò lórí tábìlì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì. Wọ́n bínú sí mi díẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ìwé bá jáde, wọ́n á dìde lọ mú un.

Ojú

Láptọ́ọ̀pù ṣì wà lórí tábìlì, ó wá di ojú lásán nísinsìnyí, ọwọ́ kò kàn án mọ́. Ojú ẹ̀gbọ́n mi wà ní 71 lórí ìjókòó, ìjókòó wà ní 42, ìyẹn 113 sí ilẹ̀. Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé kí etí òkè ojú kọ̀ǹpútà bá ojú ẹni dọ́gba tàbí kó lọ sílẹ̀ díẹ̀, kó sì jìnnà tó gígùn apá. Tí mo bá tẹ̀ lé e, láptọ́ọ̀pù á nílò àpótí tó ga ní nǹkan bíi 14.

Mo kan àpótí kan láti inú pákó tó kù, 15 lọ́nà kan, 10 lọ́nà kejì, kí a lè dojú rẹ̀ kọ ibi tó bá wù wá. 15 ni mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àgbọ̀n sókè. Jígí alápá méjì ni wọ́n ń lò: òkè fún ọ̀nà jíjìn, ìsàlẹ̀ fún ìwé kíkà. Láti fi apá ìsàlẹ̀ jígí wo kọ̀ǹpútà tó ga, àfi kí wọ́n gbé orí sẹ́yìn, ọrùn ló sì máa san gbèsè náà. Mo yí àpótí sí 10, àgbọ̀n sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ń lo irú jígí bẹ́ẹ̀, kó má ka ìlànà ojú-bá-ojú sí. Kó sọ kọ̀ǹpútà sílẹ̀.

Fèrèsé wà lẹ́yìn wọn, ó ń tàn sójú kọ̀ǹpútà. A yí gbogbo tábìlì kí fèrèsé lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìrókò wúwo o. Èmi, Bùrọ̀dá àti ọmọ wọn la jọ gbé e.

Àga kan, èèyàn méjì

Mo wọn ọmọ náà pẹ̀lú: 48 dé ẹ̀yìn orúnkún, 26 dé ìgúnpá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 74, tí bàtà rẹ̀ bá sì nípọn díẹ̀, tábìlì 76 yẹn bá a mu bí ẹni pé òun ni wọ́n kàn án fún. Kò nílò dúrọ́ọ̀ rárá, á kàn tì í padà sínú.

Má lẹ téèpù tàbí fi ọ̀dà sàmì sára ọ̀pá dídán ti hydraulic láti rántí ibi tó yẹ kó dúró; inú sílíńdà ni ọ̀pá náà ń wọ̀, á sì ya rọ́bà ìdènà tuntun náà. Mo gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí 50, mo so ó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Lálẹ́, ọmọ á gbé igi náà nàró, á gbé ìjókòó sókè títí etí rẹ̀ á fi bá orí igi dọ́gba. Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò nílò igi: wọ́n á tẹ ọwọ́ ìgbéga, wọ́n á jókòó lé e títí tí kò fi lè lọ sílẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni tiwọn. Ìjókòó náà ni ọmọ á fà síwájú lálẹ́, ìyá á tì í sẹ́yìn láàárọ̀. Ní ti nọ́ọ̀bù súpíríìnì, ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní ọ̀dà èékánná wọn, mo kán ẹ̀kán pupa kan sí ibi tó ti bá wọn mu. Ọmọ ní tòun kò ṣe pàtàkì, ibi tí ìyá òun bá fi í sí ni òun á lò.

Ohun tó kù ni fóòmù. Iwájú ìjókòó ti rún díẹ̀, èèyàn lè fi ọwọ́ mọ pákó lábẹ́ rẹ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Onífóòmù tí mo fẹ́ kó ṣe é ní kí n mú ìjókòó nìkan wá, bóòtì mẹ́rin ló dè é. Fóòmù tó ki ni mo máa ní kó lò. Èyí tó rọ̀ jù máa ń dùn nígbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á tẹ̀, gíga tí a fi téèpù wá á sì tún yí padà.